Oko Ọrẹ Tàbí Oko Ọ̀rẹ́? Ìtàn Ìwé Ilẹ̀ Kan ní Ganmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti wúwo tó títí di ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán yìí, nígbà tí bàbá àgbà mi rán mi láti Ganmọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi etí sílẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè wa gan-an ni.

Ganmọ ni ìlú bàbá mi. Ìlú Ìgbómìnà ni, ó sì súnmọ́ Ìlọrin tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá jáde ní Ìlọrin tí ó dorí kọ ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo kò ní í pẹ́ kan án. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni ó wà, Ṣàárẹ́ sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé orúkọ Ìgbómìnà pàápàá, ara ogbó ni ó ti wá, èyíinì ni àdá tí Ọ̀ràngún mú dání láti Ifẹ̀ tí ó sì ń fi ọ̀nà hàn án. “Ogbó mọ̀nà” ni wọ́n ní ó di Ìgbómìnà. Ènìyàn ì bá rò pé àwọn tí àdá júwe ilẹ̀ fún kò yẹ kí wọ́n máa ṣi ààlà mọ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, oko pọ̀ láàárín àwa àti Ìlọrin. Lónìí, ilé ni ó ń rọ́ wá. Ibùdó iná mànàmáná ńlá wà ní Ganmọ, wáyà rẹ̀ sì ń ré kọjá lórí oko àwọn ènìyàn. Ilẹ̀ tí a ń fi iye ebè díwọ̀n tẹ́lẹ̀, púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tà á báyìí.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi dé ọ́fíìsì nì yìí. Ilẹ̀ kan wà létí odò, tí ìdílé kan tí kì í ṣe tiwa ti ń dáko láti ayé bàbá bàbá àgbà mi. Kò sí ẹni tí ó bá wọn jà rí. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹnìkan ti Ìlọrin wá, ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́lé, ó sì dárúkọ owó tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí irú rẹ̀ rí nínú ìdílé wa. Kíá ni ọ̀rọ̀ di méjì. Bàbá àgbà mi ní, “Tiwa ni. Bàbá mi ni ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó máa dáko níbẹ̀. Ìdí nì yẹn tí a fi ń pè é ní Oko Ọ̀rẹ́.” Ìdílé kejì dáhùn pé, “Rárá o. Bàbá yín ta bàbá wa lọ́rẹ ni. Ìdí nì yẹn tí a fi ń pè é ní Oko Ọrẹ.”

Kí n má tàn yín, èmi náà ní ìpín nínú owó yẹn. Bàbá àgbà ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, ó sì ti sọ fún mi pé inú owó ilẹ̀ yìí ni ti ọdún àṣekágbá mi yóò ti jáde. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìwé kan wà tí wọ́n tẹ̀ka sí láyé bàbá òun, ó pè mí, ó ní, “Ìwọ tí o ń kọ́ èdè ní yunifásítì, lọ bá mi wá a rí. Bí o bá rí i, dà á kọ wá fún mi.”

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ó yẹ kí a mọ bí ìwé ṣe dé orí ilẹ̀. Láyé àtijọ́, kò sí ìwé. Odò, òkúta, igi ńlá àti pèrègún ni ààlà. Ẹnu àwọn àgbà sì ni ilé ìpamọ́. Ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan. Ní ọdún 1912, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì ti Òdogbolú sọ fún wọn pé ìdílé ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko yóò tọrọ. Bí wọ́n bá yá a nílẹ̀, yóò máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu díẹ̀ tàbí epo, kì í ṣe nítorí ọrọ̀, bí kò ṣe láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní olówó. Ẹni tí wọ́n bá ta lọ́rẹ kì í san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí Ìlọrin borí ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, àwọn ajẹ́lẹ̀ gba owó òde, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni ààlà oko ṣì wà.

Ìlú Èkó ni ìwé ti kọ́kọ́ gba ipò ẹnu. Ní 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùmú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ Ọbabìnrin wọn. Ní 1883, òfin ìforúkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé àti àṣà kò sì ṣàìjà. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Àpápá, wọ́n ní kì í ṣe olówó ilẹ̀ ní tòótọ́. Amodu Tijani Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, àwọn adájọ́ àgbà tí wọ́n ń pè ní Privy Council dá a láre: wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìdílé àti ìlú lórí ilẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tòótọ́, bí kò tilẹ̀ bá ti òyìnbó mu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà Èkó ni tiwa gbà. Láti 1900 ni wọ́n ti ka Ìlọrin àti Ìgbómìnà mọ́ Àríwá. Ní 1910, ìjọba ṣe òfin tí ó fi ilẹ̀ Àríwá sábẹ́ àkóso Gómìnà, wọ́n sì tún un ṣe ní 1916. Òfin ilẹ̀ ti 1962 wá sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ẹ̀yà kan tí ó ní Àríwá ní ilé. Ẹ wo ohun tí èyí dá sílẹ̀: ọmọ Ganmọ àti ọmọ Kánò jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan náà lójú òfin, ṣùgbọ́n Yorùbá Òṣogbo tí ó bá fẹ́ gba ilẹ̀ ní Ganmọ, àlejò ni, mínísítà ni yóò fún un láṣẹ. Ní 27 oṣù karùn-ún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí a wá ń pè ní Kwara lẹ́yìn náà. Kàdúná ni olú-ìlú Àríwá títí di ọdún yẹn, ìdí sì nìyí tí ìwé àtijọ́ Ìlọrin fi pọ̀ ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà níbẹ̀. Níkẹyìn, ní 29 oṣù kẹta 1978, òfin ilẹ̀ tí a ń lò lónìí dé fún gbogbo Nàìjíríà. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà rẹ̀ kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ tí a bá kéde pé ó jẹ́ ti ìgboro, Gómìnà ni yóò fún ni ní ìwé rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní C of O. Èyí tí kì í ṣe ti ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ni ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀, ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀ jù lọ: ilé, igi, irúgbìn. Nítorí náà ni gbogbo ènìyàn fi ń sáré ìwé.

Èmi náà sáré. N kò ní í dárúkọ ọ́fíìsì tí mo lọ. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni mo bá lórí tábìlì.

“Ẹ káàsán, sà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Kí lo ń wá?”

“Ìwé ilẹ̀ kan ni, sà, láti Ganmọ.”

“Nọ́ḿbà rẹ̀ ńkọ́? Ojú ìwé mélòó? Ìdìpọ̀ kelòó?”

“N kò mọ̀ ọ́n, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “A jẹ́ pé orúkọ lo máa wá nìyẹn. Ọjọ́ kan kò ní í tó ọ o.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ìwé ilẹ̀ tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní àmì mẹ́ta: nọ́ḿbà, ojú ìwé, àti ìdìpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wéré ni yóò rí tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, inú ìwé orúkọ ni yóò ti máa wá ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà. Mo san owó àyẹ̀wò, mo gba rìsíìtì, mo jókòó. Eruku ń wọ̀ mí nímú. Eku ti jẹ etí àwọn ìdìpọ̀ mìíràn, omi òjò sì ti fa yíǹkì àwọn mìíràn yọ́. Mo wá orúkọ bàbá bàbá àgbà mi bí èmi ṣe ń kọ ọ́, n kò rí i. Mo wá a láìní àmì, n kò rí i. Ní ọjọ́ kẹta ni mo rántí pé àwọn akọ̀wé ìgbà náà a máa fi “sh” rọ́pò “ṣ.” Mo ṣí ibẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ó ti ń retí mi.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira 1960 ni wọ́n kọ ìwé náà. Ojú ìwé kan péré ni. Akọ̀wé ojú ọjà kan ni ó tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bàbá bàbá àgbà mi fi ilẹ̀ létí odò, tí a ń pè ní “Oko Ore,” fún ẹnìkejì rẹ̀ láti máa dáko. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ pààlà. Kò sí iye owó. Kò sí ọ̀rọ̀ yíyá, kò sí ọ̀rọ̀ ìtalọ́rẹ, kò sì sí ìṣákọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀, àtàńpàkò méjì wà níbẹ̀, dúdú, wọ́n tẹ́jú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, akọ̀wé kọ ọ́ pé òun ti kà á, òun sì ti túmọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó tẹ̀ka. Òfin kan ti wà láti 1915 tí ó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà lọ́wọ́ àwọn tí ń bá wọn kọ̀wé.

Mo jókòó ti ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Èdè Yorùbá tí akọ̀wé fi túmọ̀ rẹ̀ ni àdéhùn náà gan-an, nítorí pé òun ni àwọn bàbá méjèèjì gbọ́, òun ni wọ́n tẹ̀ka sí. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni a kò kọ sílẹ̀. Ohun tí ó kù nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: Oko Ore. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé akọ̀wé kò sì ní àmì. Ẹ wò ó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè: ọrẹ ni ohun tí a fi ta ni lọ́rẹ, ọ̀rẹ́ ni ẹni tí ó bá ni rìn, ọrẹ́ ni ẹgba. Bí a bá sì fún “o” rẹ̀ lẹ́nu díẹ̀, oore ni. Láti 1843 ni Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1875, ìpàdé kan jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ odindi ìwé lórí àkọtọ́ ní 1965. A máa ń ka nǹkan wọ̀nyí nítorí ìdánwò. N kò rò ó rí pé àmì ohùn méjì lè jẹ́ ààlà oko.

Ẹnu mi fẹ́ẹ̀ ti kà á sí “ọ̀rẹ́,” nítorí pé ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ohun tí ilé-ẹjọ́ ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí. Ó sọ ẹjọ́ Idundun àti Okumagba fún mi, ẹjọ́ ilẹ̀ Wárì tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1976. Wọ́n ní ọ̀nà márùn-ún ni ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn tí a jogún, ìwé, ìwà olówó-ilẹ̀ tí a ti hù lórí rẹ̀ fún ìgbà tí ó tó, wíwà lórí rẹ̀ pẹ́ títí tí a sì ń jẹ èrè rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó so mọ́ ọn. Ó tún sọ ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, láti ilẹ̀ Gold Coast, tí Privy Council dá ní 1957: bí ìtàn àtẹnudẹ́nu méjì bá takora, kí a má fi ojú ẹni tí ń sọ ọ́ díwọ̀n òtítọ́ rẹ̀; kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láìpẹ́ yìí, kí a sì rí ìtàn tí ó bá a mu. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé fífi orúkọ ìwé sílẹ̀ kì í wo àbùkù tí ó bá wà lára ìwé náà sàn.

Mo padà sí Ganmọ, mo sì lọ sí oko náà. Igi kajú ni ó kún ibẹ̀, àwọn mìíràn ti dàgbà ju bàbá mi lọ. Ìdílé kejì ni ó gbìn wọ́n. Ẹni tí a yá nílẹ̀ kì í ṣàdédé gbin igi tí yóò pẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ, kò sì sí ẹni tí ó ké sí wọn. Ní àárín igi kajú ni igi irú méjì wà. Igi irú kì í ṣe ohun tí a gbìn. Níbi púpọ̀, bí a bá yá ènìyàn nílẹ̀, onílẹ̀ ni ó ń ká irú rẹ̀. Mo wá lọ bá ìyá àgbà wa, àbúrò bàbá àgbà mi lóbìnrin, mo tan fóònù mi kí ó lè gba ohùn wọn sílẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ ẹjọ́ rárá. Mo ní, “Ìyá, níbo ni ẹ ti ń ká irú nígbà tí ẹ wà ní ọmọbìnrin?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dárúkọ ibi mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni wọ́n sọ báyìí: “Àti Oko Ọrẹ. Ṣùgbọ́n ti ibẹ̀, a máa ń tọrọ ni. Ìyá wa á ní kí a kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé wọn ná.”

Mo gbọ́ ọ. Mo lọ sí yàrá mi, mo tún un gbọ́ nígbà mẹ́wàá, bóyá ohùn náà á lọ sílẹ̀ níbì kan kí ó sì gòkè níbòmíràn. Kò lọ, kò bọ̀. Ohùn àárín méjì ni, ó tẹ́jú bí àtàńpàkò inú ìwé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ta ni í tọrọ irú lórí ilẹ̀ ara rẹ̀?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà. Mo ka ìwé náà fún wọn, mo sọ ti kajú, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn àbúrò wọn. Wọn kò wí nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ti lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Ní ọ̀sán náà, wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Bàbá mi kò sọ fún mi rí pé òun yá ènìyàn. Èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Gbé bírò.”

Ọjọ́ kẹjọ ni àwọn baálé méjèèjì jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò. A kọ ìwé tuntun, ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé kejì kò ta ilẹ̀ náà. Wọ́n ní kajú àwọn ṣì ń so. Ní ti èmi, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìrọ̀lẹ́ báyìí kí n lè rí owó ọdún tí ń bọ̀ san, n kò sì tíì mọ̀ bóyá yóò tó.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa kò ju méjì lọ. Èkíní, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù lọ béèrè ibi tí ìwé ìdílé rẹ̀ wà, kí ó da nọ́ḿbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀ rẹ̀ kọ, pẹ̀lú ọdún rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí, àti àwọn tí wọ́n jọ pààlà, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Èkejì, kí a jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá wa, kí a kọ orúkọ oko, odò àti òkè wọn sílẹ̀ bí ẹnu wọn ṣe pè é, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Nínú ìwé tuntun tiwa, akọ̀wé tẹ “Oko Ore” bí ti àtijọ́. Bàbá àgbà mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n ka ibẹ̀ fún àwọn. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní kí n mú bírò, kí n fi àmì sí i níṣojú wọn, kí wọ́n tó tẹ̀ka. Mo fi ẹsẹ̀ sábẹ́ lẹ́tà méjèèjì. Mo sì fi ohùn àárín sílẹ̀ láìfi nǹkan kan lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí òfin àkọtọ́ ti wí.